Ṣọ́ọ̀bù Alhaja kan n'Ikẹja: wọ́n ń ta server, wọ́n tún ń ta cloud

Kí n tètè sọ ibi tí mò ń lọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò ní kà á dé ìsàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yìí dáa. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ìkan tó kù yẹn ẹ máa rí ohun tó gbé e lọ. Inú Computer Village ni wọ́n wà, lápá Ọ̀tìgbà, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọn ò sí lára àwọn tó máa ń fa èèyàn láṣọ lójú títì pé bọ̀ọ̀dá kí lẹ fẹ́ rà. Mi ò ní dárúkọ wọn síbí, ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà wọn kó wá bá mi ní inbox. Obìnrin ló ni ibẹ̀, Alhaja ni gbogbo ayé ń pè é, ó ti ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ látìgbà tó jẹ́ pé olówó nìkan ló ń gbé fóònù dání.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí ni pé irú ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ò wọ́pọ̀. Fún ẹni tí ò bá mọ̀, server ni kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú fáìlì fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, cloud ni server ẹlòmíì tó wà níbòmíì, téèyàn ń háyà, tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Àwọn tó ń ta server, server náà ni wọ́n máa tà fún ẹ, ìbáà jẹ́ email èèyàn márùn-ún lo fẹ́ ṣe. Àwọn tó ń ta cloud náà, tó o bá ní orí ń fọ́ ẹ, wọ́n á ní kó o gbé e lọ sórí cloud. Ní ti Alhaja, bó o ṣe ń wọlé, Dell àti HP tòkunbọ̀ ló tò jọ lọ́wọ́ òsì dé àjà, lọ́wọ́ ọ̀tún àwọn ọmọ kan jókòó ti kọ̀ǹpútà, Microsoft 365 (email àti Word), Azure (cloud Microsoft), backup (ẹ̀dà fáìlì tí wọ́n ń tọ́jú síbòmíì), irú àwọn nǹkan tí èèyàn ń san lóṣooṣù yẹn ni wọ́n ń tà. Owó ọ̀tún àti owó òsì, àpò Alhaja kan náà ni.

Ilé àyẹ̀wò kan n'Íbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, à ń ya ẹ́síréè, à ń ṣe scan, a ní ẹ̀rọ CT tó ń ya inú ara èèyàn ní abala abala, èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Kó tó di pé mo mọ Alhaja, ilé-iṣẹ́ kan ti wá bá ọ̀gá wa, wọ́n wọ kóòtù wá, wọ́n tan slide sára ògiri, wọ́n ní ká kó gbogbo àwòrán wa sórí cloud, pé ẹni tó ṣì ń gbé server sínú ilé láyé ìsinsìnyí ti pẹ́ lẹ́yìn. Mo bi wọ́n pé íntánẹ́ẹ̀tì wo la máa fi kó o, wọ́n ní a máa ra fiber. Ó parí. Iye tí fiber yẹn máa jẹ́, ìgbà tó bá já ńkọ́, wọn ò dé ibẹ̀. Ọ̀gá wa ti fẹ́ fọwọ́ sí i, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ lọ wo ọjà wò l'Ékòó.

Mo dé ọ̀dọ̀ Alhaja, mo kí wọn, mo ní ẹ̀yin mà, server ni mo wá rà. Wọn ò tiẹ̀ dìde. Wọ́n ní "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo ní àwòrán CT ni mà. Wọ́n ní "Báwo ni ìkan ṣe tóbi tó? Àwọn wo ló ń ṣí i? Ṣé inú ilé yín ni wọ́n ti ń ṣí i àbí wọ́n ń ṣí i látìta?" Wọ́n wá pe ọmọ kan tí gbogbo wọn ń pè ní Engineer, pé kó mú ìwé àti bírò wá. Ó pẹ́ tí mo ti rí ontàjà tó mú bírò kó tó mú ọjà.

Ìṣirò tí Engineer ṣe rèé, mo ṣì ní ìwé yẹn lọ́wọ́. Abala kan ṣoṣo nínú àwòrán CT, nǹkan bí ìdajì megabyte ni. Aláìsàn kan lè ní abala 500, ìyẹn ti di 250 megabyte. Tí server bá wà nínú ilé, tí wáyà tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà dókítà bá jẹ́ gigabit (1,000 megabit ní sẹ́kọ́ǹdì kan, megabit mẹ́jọ ló sì wà nínú megabyte kan), dókítà tẹ̀ ẹ́, sẹ́kọ́ǹdì méjì sí mẹ́ta, ó ti ṣí. Tó bá jẹ́ orí cloud ló wà, tí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé wá bá jẹ́ 10 megabit, sẹ́kọ́ǹdì 200 ló máa fi wọlé, ó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, aláìsàn kan nìyẹn o, ẹ sì jẹ́ ká gbà pé kò sẹ́ni tó ń wo YouTube lórí nẹ́tíwọ̀kì yẹn lásìkò náà, èyí tó jẹ́ irọ́. Dókítà tó bá fẹ́ wo ogún aláìsàn láàárọ̀, á fi ohun tó ju wákàtí kan lọ jókòó wo nǹkan róbótó tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn oníkóòtù yẹn ò ṣe ìṣirò yìí fún wa.

Mo ti ń rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, ká gbé server ká máa lọ. Alhaja ní rárá. "Tí olè bá gbé e ńkọ́? Tí ilé bá jó ńkọ́? Àwòrán àwọn èèyàn tó wà nínú ẹ̀ dà?" Wọ́n ní àwòrán máa wà lórí server nínú ilé, àmọ́ lálaalẹ́ tí ilé-iṣẹ́ bá ti pa, tí kò sẹ́ni tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà ẹ̀ á máa lọ sórí cloud díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Email, wọ́n ní ká má gbìyànjú ẹ̀ láti gbé e sínú ilé rárá, torí àwọn Gmail àti Yahoo ò ní mọ̀ wá rí, inú spam ni wọ́n á máa ju lẹ́tà wa sí. Ibi tí aláìsàn ti máa wo èsì lórí fóònù ẹ̀, cloud náà ni, torí ìyẹn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí NẸ́PÀ bá tiẹ̀ mú iná wa lọ. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe pín in? Ohun tó wúwo tí wọ́n ń lò nínú ilé, inú ilé. Ohun tí ará ìta ń wá wò, ìta.

Mo mọ̀ ohun tí àwọn kan nínú yín á sọ, pé ẹni tó ń ta méjèèjì, ó dájú pé á fẹ́ kó o ra méjèèjì. Èmi náà rò ó. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó níbẹ̀, ìyá kan wọlé, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ méjì, wọ́n fẹ́ ra server tí wọ́n á fi máa ka ọjà tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù. Owó wà lọ́wọ́ wọn, ó hàn. Alhaja ní "Ẹ má dá ara yín lágara ẹ̀gbọ́n mi, kò yẹ yín." Ó ta nǹkan kékeré orí cloud tí wọ́n á máa fi fóònù wò fún wọn, ìyá yẹn sì jáde. Owó server ni Alhaja jẹ́ kó lọ yẹn o.

Mo bi wọ́n léèrè lẹ́yìn ìgbà náà pé kí ló dé tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èrè orí server pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni, ẹni tó ra server lónìí, ó di ọdún mẹ́rin márùn-ún kó tó tún ra òmíràn. Èrè orí cloud kéré gan-an, àwọn tó ni cloud ló ń kó èyí tó pọ̀, àmọ́ oṣooṣù ló ń wọlé, òun ni wọ́n fi ń san owó ilé ṣọ́ọ̀bù àti owó oṣù àwọn ọmọ lóṣù tí kò sẹ́ni tó ra server kankan. Wọ́n wá sọ èyí tó wọ̀ mí lára jù: pé ohun tó ń lé kọ́sítọ́mà kúrò nínú ìkan ló ń lé e wọ inú ìkejì. Tí dọ́là bá gbówó lórí, àwọn tó ń fi dọ́là san owó cloud á sáré wá pé ẹ wá server fún wa. Tí dísẹ̀lì bá gbówó lórí, àwọn tó ní server á sáré wá pé ẹ gbà wá, ẹ gbé e lọ sórí cloud. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì máa gbà wọlé, Alhaja á sì ta nǹkan fún wọn. Ẹni tó ń ta ìkan ṣoṣo, tí kọ́sítọ́mà bá ti bínú kúrò, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ń lọ.

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà ní 2023 mọ̀ pé kì í ṣe àsọdùn. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni ìjọba ní kí náírà máa léfòó, dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 ní báńkì, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ilé-iṣẹ́ tó ń san $500 lóṣù fún cloud, ₦230,000 ló ń san tẹ́lẹ̀, ó di ₦750,000, cloud náà ò sì fi ìkan kún iṣẹ́ tó ń ṣe. Server náà, dọ́là ni wọ́n fi gbé e wọlé, ká má tan ara wa jẹ, àmọ́ ẹni tó ti rà á kí dọ́là tó fò, ó ti rà á, kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024 ńkọ́, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já lápá Côte d'Ivoire, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 lẹ́ẹ̀kan náà, báńkì ò lè fi owó ránṣẹ́, app ò ṣí. Server tó wà nínú yàrá kejì ò mọ̀ pé wáyà kankan já.

Irú ọjà yìí ò sì bẹ̀rẹ̀ n'Ikẹja. Amazon tó jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ nínú cloud, tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wàásù kí ayé pa server ilé tì, àwọn náà ló kéde Outposts ní 2018, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ìparí 2019: wọ́n á gbé server Amazon wá sínú ilé ẹ, wáyà wọn, àgbékọ́ wọn, ìwọ lo ń sanwó iná. Microsoft ti ṣe tiẹ̀ ṣáájú, Azure Stack, 2017. Ìdí ẹ̀ ò le: báńkì, ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jáde ní àwọn nǹkan tí wọn ò lè gbé kúrò nílé, tí Amazon bá sì kọ̀ láti tà á fún wọn, ẹlòmíì á tà á. Àwọn tó ni Basecamp, app tí wọ́n fi ń ṣètò iṣẹ́, l'Amẹ́ríkà ńkọ́, 37signals lorúkọ ilé-iṣẹ́ wọn, 2022 ni David Heinemeier Hansson, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín, kéde pé àwọn ń kúrò lórí cloud, owó tí wọ́n san fún cloud lọ́dún yẹn ju mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ, wọ́n wá ra server Dell bíi 700,000 dọ́là, wọ́n kó iṣẹ́ wọn sí i. Síbẹ̀ fáìlì wọn ṣì wà lórí Amazon fún ìgbà kan lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn náà pín in. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀rọ̀ wọn dá yín lágara, ẹ rán an létí pé ibi tí wọ́n gbé server tiwọn sí, iná kì í lọ.

Ọ̀rọ̀ iná yìí gan-an ló jẹ́ kí n gba Alhaja gbọ́, torí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó bi wọ́n. Server tó bá ń jẹ 200 watt, tòru tọ̀sán, ọgbọ̀n ọjọ́, ó jẹ́ unit 144. Band A, àwọn tí wọ́n ní àwọn ń fún ní iná ogún wákàtí lóòjọ́, nígbà tí wọ́n fi owó kún un ní oṣù kẹrin 2024, ₦225 ni unit kan, ìyẹn ₦32,400 lóṣù fún server nìkan, ẹ ò tíì ka AC, ẹ ò tíì ka inverter àti bátìrì tó máa gbé e tí iná bá lọ. Wọ́n fi gbogbo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó cloud, wọ́n ní ká lọ wò ó fúnra wa. Ẹ dárúkọ ontàjà server míì fún mi tó máa kọ owó NẸ́PÀ sínú ìwé ọjà tó ń tà.

Ẹ̀rọ tá a rà ni Dell PowerEdge R730 tòkunbọ̀. Ìran 2014 ni, kò gbóná mọ́ lọ́jà, àmọ́ ó ṣì lágbára fún iṣẹ́ wa. Engineer ṣí ìdérí ẹ̀ níwájú mi, a jọ ka RAM ẹ̀, ó tan án, ó wọ inú iDRAC, ibi tí wọ́n ti ń wo ìlera server Dell, ó fi iye wákàtí tí hard disk kọ̀ọ̀kan ti ṣiṣẹ́ hàn mí, méjì nínú wọn ti pẹ́ jù, kò jiyàn, ó pààrọ̀ wọn lójú ẹsẹ̀. Ó wá ṣe ohun kan tó jẹ́ kí n pariwo: ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, fáìlì ń kọjá, ó fa hard disk kan yọ pátápátá. Iná ara ẹ̀ ń ṣẹ́jú, fáìlì ò dúró. Ó ti òmíràn bọ ibẹ̀, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo nǹkan padà sí i fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó yọ wáyà iná kan nínú méjì, ẹ̀rọ ò mira. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, tó bá máa bàjẹ́, ibí ni kó ti bàjẹ́." Proxmox ni wọ́n fi sí i, ìyẹn software tó ń pín server kan sí bíi kọ̀ǹpútà púpọ̀, ọ̀fẹ́ ni téèyàn ò bá ra ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é, torí VMware tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà tí gbogbo èèyàn mọ̀, látìgbà tí ilé-iṣẹ́ Broadcom ti rà á ní oṣù kọkànlá 2023 wọn ò ta èyí téèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan tó parí mọ́, àfi kó o máa sanwó ẹ̀ lọ.

Iye tá a rà á ò ní wúlò fún yín, torí rate ọjọ́ yẹn kọ́ ni rate òní, ìwé tí wọ́n bá sì kọ owó sí fún yín, ọjọ́ méjì péré ló máa lò. Ìyẹn bí mi nínú díẹ̀. Owó tí ọ̀gá mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, akáǹtáǹtì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, kí ó tó yípo, ìwé ti kú, wọ́n á kọ tuntun, iye á ti yí. Mo mọ̀ pé dọ́là ló fà á, àmọ́ ó ń tánni ní sùúrù.

Ìwọ̀nyí ò gbé ìràwọ̀ kankan lọ. Ohun tó gbé ìkan lọ ni ọwọ́ ọ̀tún ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ cloud yẹn. Wọ́n ta backup fún wa, wọ́n ṣe àlàyé dáadáa bí a ṣe máa gbé e lọ sókè, pé gbígbé lọ ò ná nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó sọ pé gbígbé padà wá ń ná owó. Ìgbà tí mo fẹ́ dán an wò bóyá àwòrán á padà wá, ni mo rí bíìlì. Gbogbo àwọn cloud ńlá ló ń ṣe é, Amazon l'Amẹ́ríkà, tó o bá ti kọjá 100 gigabyte lóṣù, cent 9 ni gigabyte kan. Ká ní o fẹ́ kó 1,000 gigabyte sílé lọ́jọ́ tí server bá jóná, dọ́là 81 nìyẹn, ní ₦1,500 ó ti lé ní ₦121,000. Owó yẹn ò pa ilé-iṣẹ́ wa, àmọ́ ó yẹ kó wà nínú ìwé bí owó NẸ́PÀ ṣe wà níbẹ̀. Mo pe Alhaja, wọ́n bínú sí àwọn ọmọ náà lórí fóònù níbi tí mo ti ń gbọ́, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n yọ owó díẹ̀ nínú ti oṣù kejì. Mo rò pé ibi tí irú ọjà yìí ti máa ń mẹ́hẹ nìyẹn: Alhaja mọ méjèèjì, Engineer mọ server dé gbòǹgbò, àwọn ọmọ cloud mọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ èèyàn sílẹ̀. Kí wọ́n kọ́ wọn, tàbí kí Engineer máa jókòó sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Tí nǹkan bá bàjẹ́, apá server dára, tí mo bá ti kọ ọ́ sí WhatsApp, Engineer á pe mí, kódà lálẹ́, ó máa ń sọ fún mi pé "ẹ̀gbọ́n ẹ ya fọ́tò iná tó wà níwájú ẹ̀ fún mi". Apá cloud, wọ́n á ní kó o kọ ticket, ìyẹn kó o kọ ẹ̀sùn ẹ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó o máa dúró. Mo ti jáwọ́ lọ́rọ̀ ticket, Engineer náà ni mò ń pè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ má lọ lọ́sàn-án Fúráìdè, Alhaja ti lọ Jímọ̀, àwọn ọmọ ò sì lè já owó fún yín láìjẹ́ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi server ṣe sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, wọ́n máa bi yín. Tẹ́ ẹ bá ní rack, ìyẹn àgbékọ́ irin tí wọ́n ń to server sí, ẹ béèrè irin tí wọ́n fi ń gbé server sínú ẹ̀, torí wọn kì í fi kún un àfi tẹ́ ẹ bá sọ, èmi wá dé Ìbàdàn, ẹ̀rọ tó tó ẹrù ọkùnrin méjì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá títí wọ́n fi fi irin náà ránṣẹ́ láti Jíbówú. Ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì.